Rifíù shọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan n'Ìjerò-Èkìtì tí wọ́n ti ka ìwé máìnì Kánádà fáwọn ọdẹ wa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ń gbé n'Ìjerò á mọ shọ́ọ̀bù tí mò ń sọ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, JAMB, NIN àti gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé Àǹtí tó ni ín máa ń bá èèyàn wá ìwé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á tẹ̀ ẹ́ jáde, á wá jókòó tì yín á máa ṣàlàyé ẹ̀ ní Yorùbá títí tó fi máa yé yín. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí torí ó ṣe é fún wa, ó sì dáa gan.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun àlùmọ́ọ́nì bíi tantalite, columbite àti lithium wà nínú ilẹ̀ Ìjerò, àwọn tó ń wá a kiri sì ń pọ̀ sí i. Àwọn ọdẹ ìlú wá ń bèèrè pé tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí ẹran ṣì kù sí, ṣé ẹran yẹn já mọ́ nǹkan kan lójú òfin ni àbí ẹni tó bá ti gba lásẹ́ńsì l'Ábújá kò sẹ́ni tó lè bi í ní ìbéèrè mọ́. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ń bá irú ọ̀rọ̀ yìí fà á tipẹ́, ìyẹn apá àríwá Kánádà lọ́hùn-ún, n'Nunavut, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, tó jẹ́ pé ọdẹ làwọn náà.

Àǹtí ò ṣe wá bí ẹni tó ń fi àkókò ẹ̀ ṣòfò. Ó bá wa ṣí ìkànnì Nunavut Impact Review Board, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ máìnì wò kí mínísítà tó pinnu. Lẹ́tà kọ́ḿpìnì, lẹ́tà ìjọba, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọdẹ sọ, ìdáhùn sí i, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ fún ará ìlú láti kà.

Èyí tá a kọ́kọ́ kà ni ti máìnì irin Mary River ní erékùṣù Baffin. Kọ́ḿpìnì Baffinland ti ń wa irin níbẹ̀, wọ́n wá fẹ́ kúrò ní tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 6 lọ́dún bọ́ sí mílíọ̀nù 12, kí wọ́n sì ṣe ojú irin tó gùn tó kìlómítà 110 lọ sétí òkun ní Milne Inlet. Inú omi tí ọkọ̀ wọn ń gbà yẹn ni narwhal ń gbé, oríṣi àbùùbùtán kan tí eyín ẹ̀ gùn yọ síta níwájú orí, òun sì làwọn ará Pond Inlet, ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀, ń pa jẹ láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n ní ariwo ọkọ̀ ń lé e lọ, wọ́n ní eruku irin ń bà sórí yìnyín, wọ́n tún ń bẹ̀rù ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí karibú, ẹran ìgbẹ́ oníwo ńlá tí wọ́n ń dọdẹ lórí ilẹ̀. Ní oṣù kejì 2021 àwọn ọdẹ kan lọ dí ojú ọ̀nà àti pápá ọkọ̀ òfurufú máìnì yẹn. Ní oṣù karùn-ún 2022 ìgbìmọ̀ ní kí iṣẹ́ náà má ṣe lọ síwájú, nígbà tó di oṣù kọkànlá Dan Vandal, mínísítà ìjọba àpapọ̀ Kánádà, náà ní rárá.

Ibẹ̀ ni bàbá olórí ọdẹ ti na ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tún ibẹ̀ yẹn kà. Ṣé ẹnu ọdẹ ni wọ́n ti gbọ́ ọ?" Àǹtí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni bàbá, ohun tí ọdẹ mọ̀ nípa ẹran, wọ́n kà á mọ́ ẹ̀rí, pẹ̀lú ti àwọn onísáyẹ́ǹsì." Bàbá ò sọ nǹkan míì, wọ́n kàn sún ìjókòó wọn mọ́ tábìlì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára Àǹtí ni pé kò jẹ́ ká fi ìyẹn ṣe ayọ̀ lọ sílé. Ó ní ẹ má rò pé gbogbo ìgbà ni ẹran máa ń dá máìnì dúró o. Ló bá mú ti máìnì góòlù Back River jáde, Nunavut náà ló wà. Ọ̀rọ̀ karibú pọ̀ nínú ìyẹn, torí agbo karibú Bathurst tó tó nǹkan bíi 470,000 ní 1986 ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 8,200 ní 2018. Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ní kí wọ́n má fọwọ́ sí i ní 2016, mínísítà dá a padà fún wọn ní 2017 pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kọ́ḿpìnì náà lọ tún ètò karibú ẹ̀ ṣe, ìgbìmọ̀ wá gbà á pẹ̀lú oríṣiríṣi àdéhùn, wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ọdún yẹn tó parí. Wọ́n ti ń yọ góòlù níbẹ̀ láti 2025. Èrò tèmi ni pé ibi tí òfin ẹranko ti lágbára jù nìyẹn, ó ń fipá mú kọ́ḿpìnì kó dáhùn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tó máa ṣe tí ẹran bá dé.

Òfin náà sì ṣeé yí padà, ìyẹn ló dùn mí jù. L'Ontario, ìpínlẹ̀ míì ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń lé ohun àlùmọ́ọ́nì ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Ring of Fire ní àríwá wọn, òfin ẹranko tó wà nínú ewu tí wọ́n ṣe ní 2007 wà níbẹ̀, àmọ́ ní oṣù kẹfà 2025 ilé ìgbìmọ̀ wọn fọwọ́ sí Bill 5 tó fi òfin míì rọ́pò ẹ̀, tó jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, kọ́ḿpìnì á kàn lọ forúkọ sílẹ̀ dípò kó dúró gba ìwé àṣẹ. Àwọn ọdẹ wa pariwo nígbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló wá tẹ òfin tiwa jáde, EIA Act ti 1992, ìyẹn òfin àyẹ̀wò àyíká, àti òfin máìnì ti 2007 tó ní kọ́ḿpìnì gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní tí wọ́n bá pàtẹ ìwé àyẹ̀wò àyíká fún ará ìlú, kí á má fi ẹnu lásán sọ pé a ò fẹ́, kí á sọ ẹran wo, ibo, ìgbà wo. Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan sílẹ̀: odò tí àgbọ̀nrín ti ń mumi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igbó tí ẹ̀tu ń sùn sí, ibi tí wọn ò ti rí edun mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Àǹtí ń tẹ̀ ẹ́ lọ sínú lẹ́tà tiwa, ó ń bi wọ́n pé ìwọ̀ oòrùn odò ni àbí ìlà oòrùn. Ẹnìkan tiẹ̀ mẹ́nu ba ìnàkí tó wà nígbó Ìsẹ̀-Èkìtì, Àǹtí ní ìyẹn wà lára ẹran tí ayé mọ̀ pé ó ń kú tán lọ, àmọ́ kó má wọ inú lẹ́tà tiwa torí kì í ṣe igbó wa ló wà. Mo gba tiẹ̀ níbẹ̀ pátápátá.

Ibi tó kù sí: máàpù ò jáde dáadáa rárá. Ọ̀nà tí karibú ń gbà kọjá àti ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ dúdú pọ̀ mọ́ra wọn, a ní láti wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó wà lẹ́yìn ò rí nǹkan kan. Jẹnẹrétọ̀ náà ń pariwo jù, ibẹ̀ sì há fún èèyàn púpọ̀.

Owó wọn ò gani lára, náírà 50 ni ojú ìwé kan tí ò bá ní kọ́lọ̀, àlàyé yẹn ò gba owó lọ́tọ̀, àmọ́ ẹ fún un ní nǹkan ẹ jọ̀ọ́. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ ní àárọ̀ kí àwọn ọmọ JAMB tó dé, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ igbó yín dáadáa dání.