GNU Guix lórí laptop mi: iná lè lọ o, àmọ́ ẹ ra dátà dáadáa

Ẹni tó bá ti lo Linux (system tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) pẹ́ nílẹ̀ yìí á mọ ohun tí mò ń sọ: update ń lọ lọ́wọ́, ó ti dé ìdajì, wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì laptop ọ̀hún náà ò sì gba nǹkan kan dúró mọ́, ìgbà tí ẹ bá máa fi tan ẹ̀rọ padà, ìdajì package (àwọn ètò tó wà lórí ẹ̀rọ) ti di tuntun, ìdajì ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, wọn ò bára wọn mu mọ́, ojú ẹ̀rọ dúdú báyìí lẹ máa bá. Torí èyí gan-an ni mo ṣe gbé Guix sórí ẹ̀rọ mi, kì í ṣe torí pé ẹnì kan wàásù fún mi. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ báyìí, kódù ni mò ń kọ jù, mo dẹ̀ lè sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó láì fi bò.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Guix ni ètò tó ń gbé package wọlé tó sì ń tọ́jú wọn, ó tún jẹ́ irú Linux kan fúnra ẹ̀; iṣẹ́ àwọn GNU ni, ẹgbẹ́ tó ń ṣe free software (ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò, kó sì yí kódù ẹ̀ padà), Ludovic Courtès ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2012, version 1.0 wá jáde ní oṣù karùn-ún 2019. Nix ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Eelco Dolstra ló gbé ìyẹn kalẹ̀, iṣẹ́ PhD tó ṣe ní Yunifásítì Utrecht ní Netherlands, tó parí ní 2006, dá lé e lórí. Àwọn méjèèjì jọra gan-an nínú, àmọ́ Nix ní èdè tiẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un, Guix ń lo èdè kódù tó ń jẹ́ Scheme, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Guile. Èmi fẹ́ràn Scheme, ẹ lè ti mọ ibi tí mo fì sí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Lórí Linux mìíràn bíi Debian tàbí Fedora, inú /usr kan náà ni gbogbo package ń da fáìlì wọn sí, tuntun á kàn gorí ti tẹ́lẹ̀. Guix ò ṣe bẹ́ẹ̀. Package kọ̀ọ̀kan ló ní fódà tiẹ̀ nínú /gnu/store, orúkọ fódà yẹn á fi lẹ́tà àti nọ́ńbà 32 tí ò ṣe é pè bẹ̀rẹ̀, kí orúkọ package àti version ẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọn ò kàn dédé kọ lẹ́tà yẹn o, inú gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ package náà ni wọ́n ti ṣírò ẹ̀: source ẹ̀ (kódù tí èèyàn kọ), compiler tí wọ́n fi sọ kódù di ètò, àwọn library (kódù tí ètò máa ń yá lò) tó gbára lé, títí dé àṣẹ tí wọ́n fi build ẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà bíńtín, orúkọ á yí padà, fódà ọ̀tọ̀ ló máa bọ́ sí, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní mì rárá. Ohun tó bá wọlé ló ń pinnu ohun tó máa jáde, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní functional nìyẹn.

Èyí tí ẹ wá ń lò nínú gbogbo ohun tó wà nínú store yẹn ni profile yín, profile ò sì ju symlink, ìyẹn àmì tó kàn ń tọ́ka sí ibòmíì, lọ. Tí ẹ bá ní kó fi nǹkan kún un, Guix á kọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀ jọ sápá kan, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá pé pérépéré ló máa tó yí symlink ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti mú iná lọ mọ́ mi lórí nígbà tí `guix system reconfigure`, àṣẹ tó ń sọ gbogbo system di tuntun, ń lọ lọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ dìde lórí àga. Nígbà tí iná dé, mo tan ẹ̀rọ, system ti tẹ́lẹ̀ gbé mi wọlé bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, mo tún tẹ àṣẹ kan náà, àwọn tó ti wọlé tán ò tún wọlé mọ́, èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ nìkan ló tún bẹ̀rẹ̀. Kí n má parọ́ ṣá, iná tó bá lọ lójijì lè ba fáìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ disk jẹ́, kò sí idán tí Guix lè pa sí ìyẹn, àmọ́ `guix gc --verify=contents,repair` wà, ẹ ṣe é bíi root (ọ̀gá ẹ̀rọ), á yẹ gbogbo store wò, á sì tún èyí tó bàjẹ́ wá.

Tí update bá wọlé tán tí nǹkan wá yí ńkọ́? `guix package --roll-back`, ó parí. Tí ó bá jẹ́ pé system ló kọ̀ tí ò gbéra, gbogbo generation (ẹ̀dà system) àtẹ̀yìnwá ló wà nínú GRUB, àtẹ tó ń jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbéra, ẹ yan ti tẹ́lẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ìgbà tó bá yá lẹ máa wádìí ohun tó ṣe é. Ẹ̀rù kì í bà mí mọ́ láti dán nǹkan wò.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi gan-an ni pé gbogbo ẹ̀rọ mi wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Timezone, ẹni tó lè wọlé, service tó ń ṣiṣẹ́, desktop, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Èmi kọ `(timezone "Africa/Lagos")`, mo wá kọ `(keyboard-layout (keyboard-layout "ng" "yoruba"))` sábẹ́ ẹ̀, láti ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti gbéra ni kíbọ́ọ̀dù ti ń gbé ẹ, ọ àti ṣ jáde, kò sí pé mò ń ṣe copy and paste kiri. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ irú ẹ̀, mo fún un ní fáìlì yẹn, ó yí orúkọ ẹ̀rọ, ó yí UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) disk, tirẹ̀ náà di bíi tèmi gẹ́lẹ́. Àmọ́ Scheme ni o, tí àmì àkámọ́ bá ń bí yín nínú, ẹ̀yin àti ẹ̀ lẹ jọ máa wọ̀yá ìjà, ọ̀kan tí ẹ bá gbàgbé báyìí, ó tán.

`guix shell` ńkọ́? Haa. Mo fẹ́ lo Python (èdè kódù) pẹ̀lú NumPy (library ìṣirò ẹ̀) fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kọ `guix shell python python-numpy -- python3`, mo lò ó tán, mo jáde, profile mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe máńsítà tàbí PhD, ẹ wo `guix time-machine`: ẹ fún un ní commit (nọ́ńbà ẹ̀dà) Guix tí ẹ lò lọ́jọ́ tí ẹ ṣe ìṣirò yín, á gbé irú package ọjọ́ yẹn gan-an wá, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Tí supervisor bá ní kí ẹ tún graph yẹn yà lẹ́yìn ọdún méjì, kò ní di wàhálà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó.

Guix ń jẹ dátà bí ẹni tí ebi ti ń pa láti àná. Kì í ṣe pé àwọn tó kọ ọ́ ò bìkítà, bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ ló fà á. Mo sọ ọ́ lókè pé tí ohun tí package gbára lé bá yí padà, orúkọ package náà á yí. Ẹ wá wo glibc, library ìpìlẹ̀ tí ètò fi ń bá Linux sọ̀rọ̀, kò fẹ́ẹ̀ẹ́ sí package tí ò gbára lé e. Ọjọ́ tí glibc bá di tuntun, gbogbo ohun tó wà lókè ẹ̀ ló di tuntun, ẹ máa tún gbogbo ẹ̀ download, kódà èyí tí ìlà kan ò yí padà nínú source ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí iná lọ náà ló ń tú àpò mi yìí. Wọ́n ní graft fún ti ààbò, ìyẹn ni pé tí ihò bá wà nínú library bíi OpenSSL, wọ́n á di ihò yẹn, wọ́n á kàn yí ojú àwọn tó ń lò ó sí tuntun, wọn ò ní tún gbogbo ẹ̀ kọ́, èyí ń ranni lọ́wọ́. Àmọ́ ọjọ́ update ńlá, ọjọ́ update ńlá ni.

Tí sáfà wọn ò bá tíì build package náà, ẹ̀rọ yín ló máa build ẹ̀, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, epo jẹ́nẹ́rétọ̀ á sì máa jó lọ. Nítorí náà ẹ má tẹ nǹkan kan láì kọ́kọ́ fi `-n` sí i, á sọ ohun tó fẹ́ download àti ohun tó fẹ́ build fún yín. `guix pull` fúnra ẹ̀ ò yá, Guix tuntun ló ń compile lórí ẹ̀rọ yín, RAM 4GB á sunkún. Òru ni mo máa ń ṣe tèmi, nígbà tí dátà òru bá ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ju ẹnì kan lọ nínú ilé tàbí ọ́fíìsì, kí ẹ̀rọ kan ṣe `guix publish`, kí àwọn yòókù fi `guix archive --authorize` gba key ẹ̀, orí Wi-Fi ilé ni wọ́n á ti máa gbà á, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa fi dátà ra nǹkan.

Disk náà kò gbẹ́yìn, torí kò sí ohun tó ń pa rẹ́ fúnra ẹ̀. `guix gc -d 1m` á kó generation tó ti ju oṣù kan lọ dànù, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí system ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà o.

Wi-Fi. Linux-libre ni kernel wọn (ọkàn system), wọ́n ti yọ gbogbo firmware (ètò kékeré tó ń mú hardware bíi Wi-Fi ṣiṣẹ́) tí kì í ṣe free software kúrò, torí náà Wi-Fi ọ̀pọ̀ laptop ò ní ṣiṣẹ́, tèmi ò ṣiṣẹ́. Wáyà fóònù ni mo fi ń ṣe tethering títí mo fi rí dongle Wi-Fi Atheros tó ń lo driver ath9k_htc, firmware tìyẹn jẹ́ free. Channel (orísun package) kan wà níta tó ń gbé kernel tó pé wá, àwọn èèyàn ń lò ó, àmọ́ ẹ má retí kí àwọn ará Guix dá yín lóhùn lórí ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìlànà wọn, inú sì ń bí mi sí i.

Nǹkan mìíràn tó máa rú yín lójú: ẹ download ètò kan tí wọ́n ti build tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ní "No such file or directory", fáìlì yẹn sì wà lójú yín kedere. Loader (ohun tó ń gbé ètò dìde) tó ń wá nínú /lib64 ni ò sí níbẹ̀. `guix shell --container --emulate-fhs` ló máa tan án, pẹ̀lú àwọn library tó bá fẹ́.

Tí ẹ bá bi mí, ẹ má tíì pa Debian yín rẹ́. Ẹ fi script guix-install.sh gbé Guix lé e lórí, Wi-Fi yín á ṣì máa ṣiṣẹ́, `guix shell` àti roll-back á wà fún package yín, system fúnra ẹ̀ nìkan ni Guix ò ní máa darí. Ẹ fi glibc-locales kún un, kí ẹ sì ṣètò GUIX_LOCPATH, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ìbéèrè ló máa rọ́pò ẹ, ọ àti àmì ohùn nínú terminal. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kí ẹ wo iye dátà tó ń jẹ, kó tó di pé ẹ ń wá dongle kiri.