Vanguard: ọlọ́dẹ tó máa ń jí ṣáájú onílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbá Valorant, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Vanguard, anti-cheat, ìyẹn áàpù tó ń mú olójòóró, tí iléeṣẹ́ Riot fi ń ṣọ́ géèmù orí kọ̀ǹpútà yẹn. Ká má parọ́ o, ó mọṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, mi ò fi bẹ́ẹ̀ bá olójòóró pàdé, kì í ṣe bíi tàwọn géèmù míì tí ẹni tí ò rí ẹ á ti yìnbọn lù ẹ́ lórí látẹ̀yìn ògiri, á tún wá máa bú ẹ nínú chat pé o ò mọ̀ ọ́n gbá. VAC, anti-cheat tí iléeṣẹ́ Valve fi ń ṣọ́ géèmù Counter-Strike, ò wọ inú kernel, ìyẹn ọkàn Windows gan-an, ní tiẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ sí i, àmọ́ ẹ lọ gbá Counter-Strike wò lóru, kẹ́ ẹ rí àwọn olójòóró, kẹ́ ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀.

Ibi tí Vanguard ń gbé ló ń kọ mí lóminú. Àwọn áàpù tó kù, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan wọ́n á kọ́kọ́ bi Windows. Eléyìí, inú kernel lọ́hùn-ún ló tẹ́ ẹní sí, níbi tí Windows fúnra ẹ̀ ń gbé, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ lè rí fáìlì o, pásíwọ́ọ̀dù o, gbogbo ohun tó o bá ń tẹ̀. Mi ò sọ pé ó ń wò ó o! Mo ní ó lè wò ó ni. Bó o bá ṣe tan kọ̀ǹpútà báyìí ló ti jí, yálà o fẹ́ gbá géèmù lónìí àbí o ò fẹ́. Mo mọ ìdí ẹ̀, olójòóró tó bá ráyè wọlé ṣáájú ọlọ́dẹ ti sá pamọ́ nìyẹn. Ó yé mi, ó ṣì ń bí mi nínú. O lè pa á nísàlẹ̀ níbi tí aago wà, ṣùgbọ́n tó o bá tún fẹ́ gbá géèmù, àfi kó o pa kọ̀ǹpútà kó o tún un tàn.

Riot gan-an kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Ní 2020 wọ́n ní ẹni tó bá rí ihò tó burú, tí olè lè gbà wọlé, nínú Vanguard, àwọn lè san tó $100,000 fún un, ìyẹn wú mi lórí. Àwọn ọ̀daràn tó ń lúgọ ti ilẹ̀kùn tí irú anti-cheat báyìí ti ṣí sílẹ̀ ni wàhálà. Ẹ wo mhyprot2, driver (apá tó ń wọ inú kernel) anti-cheat ti géèmù Genshin Impact, Trend Micro, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, tú u síta ní 2022 pé àwọn ọ̀daràn ti gbé e wọ kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíì, wọ́n fi pa antivirus kí wọ́n tó ti fáìlì èèyàn pa kí wọ́n lè gbowó, kò sì pọn dandan kí géèmù yẹn wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀hún o! Ìgbà míì sì rèé, ará inú ilé ni. ESEA tó ń ṣètò ìdíje géèmù, ní 2013, bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni client wọn, ìyẹn áàpù wọn tó ní anti-cheat nínú, ń wà jáde bí ẹni ń wa góòlù lórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń gbá géèmù, nǹkan bíi 14,000 kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, títí ìjọba ìpínlẹ̀ New Jersey fi gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti gbà láti parí ẹ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là.

Tèmi náà, géèmù kan wà tí mi ò ní dárúkọ, mo yọ ọ́ dànù, ọlọ́dẹ ẹ̀ ò bá a lọ. Ìgbà tí mò ń wá nǹkan míì nínú àwọn service, àwọn áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ni mo bá a níbẹ̀ tó jókòó tẹ̀ǹtẹ̀rẹ̀. Ta ló ń ṣọ́ nígbà yẹn? Èmi?

Mo fún Vanguard ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, iṣẹ́ ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní ó máa ń bá géèmù jí, kó sì bá a sùn ni, mi ò bá fún un ní mẹ́rin. Mo ṣì ń gbá a ṣá, àmọ́ kọ̀ǹpútà yẹn ò mọ pásíwọ́ọ̀dù báńkì mi, tí mo bá sì ti gbá tán, mo ń pa á nísàlẹ̀ yẹn kí n tó ṣe nǹkan míì.