The Office ti Slough àti The Office ti Scranton: èwo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò?

Ẹni tó bá ti wo The Office, eré àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n, ti Amẹ́ríkà (ti Scranton) tán kó tó kan ti Gẹ̀ẹ́sì (ti Slough) máa ń ní kò pa òun lẹ́rìn-ín, pé ṣe lojú ń gba òun tì. Ẹni tó sì ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ á ní Amẹ́ríkà ti da ṣúgà sọ́bẹ̀. Mo ti wo méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò sì rò pé ọ̀rọ̀ ta ló mọ àwàdà ṣe jù ni. Iye ìgbà tí wọ́n ní láti mú ọkùnrin kan náà wọlé wá bá yín ló fa ìyàtọ̀ wọn.

Ricky Gervais àti Stephen Merchant ló kọ ti Gẹ̀ẹ́sì. BBC Two bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní oṣù Keje 2001: ìpín mẹ́fà lọ́dún náà, mẹ́fà mìíràn ní 2002, apá méjì fún Kérésìmesì 2003, ó parí. Gbogbo rẹ̀ ò tó wákàtí 8. Greg Daniels ló tún un ṣe fún NBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Kẹta 2005 títí di oṣù Karùn-ún 2013. Ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án, ìpín 201, ìyẹn ju wákàtí 70 lọ. Ìpín kan ní NBC ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ torí ìpolówó ọjà. BBC tí kì í polówó ń lo tó ìṣẹ́jú 30. Ẹ má fojú kéré ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn o. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ráyè fi ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé hàn wá, tó kàn ń pọ bébà jáde, àti òṣìṣẹ́ tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà láìṣe nǹkan kan. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Scranton. Àyè ò gbà á.

Ìtàn kan náà ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ta bébà, tí iṣẹ́ ibẹ̀ ń súni: Wernham Hogg ní Slough, ìwọ̀-oòrùn London, àti Dunder Mifflin ní Scranton, ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Kámẹ́rà ń tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ kiri bí ẹni ń ya fíìmù nípa iṣẹ́ wọn. Kò sí ẹ̀rín àtẹ̀mọ́ lẹ́yìn tó ń sọ fún yín pé ibí yìí lẹ ti máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà pé aláwàdà lòun, pé ọ̀rẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ lòun. David Brent ni orúkọ rẹ̀ ní Slough, Gervais fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Michael Scott ni ní Scranton, Steve Carell ló ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ náà kíákíá, ẹ wo ìpín àkọ́kọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. NBC fẹ́rẹ̀ẹ́ da ti Gẹ̀ẹ́sì kọ ní gbólóhùn sí gbólóhùn. Wọ́n rì sítépúlà ẹnìkan sínú jẹ́lì níbí, wọ́n rì í lọ́hùn-ún náà. Ọ̀gá pe ọmọbìnrin tó ń gbàlejò wọlé, ó purọ́ mọ́ ọn pé ó jí Post-it, pé òun lé e níṣẹ́, kó lè fi panilẹ́rìn-ín lójú òṣìṣẹ́ tuntun tó jókòó síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Ní Slough, Dawn fi èébú gidi lé Brent lórí kó tó jáde, irú èyí tí NBC ò lè gbé sáfẹ́fẹ́, Brent sì jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín tó ti gan lẹ́nu rẹ̀. Ní Scranton, èébú Pam ò le tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ohun tó ń dunni nínú ti Gẹ̀ẹ́sì ni pé kò sí ohun tí Brent lè sọ tó lè tún un ṣe, kámẹ́rà ò sì yíjú kúrò lára rẹ̀.

Àdàkọ báyìí ti kó bá NBC rí. Ní 2003 wọ́n mú Coupling, eré Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, wọ́n lo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bó ṣe rí, ìpín mẹ́rin péré ni wọ́n gbé jáde kí wọ́n tó pa á tì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún ẹnu ará Slough, tó ń lọ́ tíkọ̀, tó ń gé ara rẹ̀ kù, á dún bí ohun tí wọ́n há sórí lẹ́nu ará Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni ẹ fi ń rí i pé ìpín kejì ti Scranton, "Diversity Day", tí B.J. Novak kọ, ti dára ju èyí àkọ́kọ́ lọ fíìfíì: ìṣòro Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti àwọ̀, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, gbogbo ọ̀wọ́ kìíní, ìpín mẹ́fà, kò tíì rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Irun Michael lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú òróró, ojú rẹ̀ korò, ọ́fíìsì náà ṣú. Látinú ọ̀wọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án 2005, wọ́n tún un ṣe: irun yí padà, ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó di ẹni tó ń wá ìfẹ́ lójú méjèèjì ju ẹni tó ń wá ìyìn lọ. Wọ́n tún fún un ní ohun kan tí Brent ò ní, ìyẹn ẹ̀bùn ọjà títà. Ìpín tó fi èyí hàn ni "The Client". Michael àti ọ̀gá rẹ̀, Jan, lọ pàdé oníbàárà kan ní ilé oúnjẹ Chili's. Jan ń fẹ́ sọ̀rọ̀ iye owó. Michael ń pa àwàdà, ó ń pàṣẹ oúnjẹ, ó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé ọkùnrin náà. Ẹ á máa rò pé ó ti ba á jẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ló rọra mú ọ̀rọ̀ ọjà wọlé, ọkùnrin náà sì gbà. Látìgbà yẹn lọ, ẹ ò ní béèrè mọ́ ìdí tí wọn ò fi lé e kúrò. Láìsí ìpín yẹn, èmi ò mọ bí wọn ì bá ṣe fi Carell ṣe ọ̀gá fún ọ̀wọ́ méje.

Brent ò nílò ìyẹn torí kò ní pẹ́. Ní ìparí ọ̀wọ́ kìíní, wọ́n fi ipò tó ga lọ̀ ọ́, bó bá gbà á, wọ́n á ti ẹ̀ka Slough. Ó gbà á. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní ìròyìn burúkú ni pé àwọn kan á pàdánù iṣẹ́, ìròyìn ayọ̀ sì ni pé òun ti gba ìgbéga! Ó retí kí wọ́n bá òun yọ̀. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ara já a kulẹ̀, Neil tó ń darí ẹ̀ka Swindon gba ipò náà, ó di ọ̀gá rẹ̀. Ìbẹ̀rù pé wọ́n lè dáni sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń ti gbogbo eré náà lẹ́yìn. Àwàdà kàn jókòó lé e lórí ni.

Ìdí nìyẹn tí ijó Brent, nínú "Charity", ìpín karùn-ún ọ̀wọ́ kejì, kì í fi tán lójú ẹni tó bá ti wò ó. Neil àti Rachel, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀, ti jó lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ijó tí wọ́n ti fi dánra wò, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ara Brent ò gbà á. Láìsí orin, ó fi ẹnu ara rẹ̀ lùlù, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń fọn ọwọ́, ó ń gbọn orí. Ẹ wo ojú àwọn tó dúró yí i ká, ẹ má wo òun nìkan. Nínú ìpín yìí kan náà ni wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́, ó wà nínú aṣọ ògòǹgò tó fi ń wá owó àánú. Nígbà tó fi máa bẹ̀ Neil àti Jennifer, ọ̀gá láti olú iléeṣẹ́, nínú ìpín tó tẹ̀ lé e pé kí wọ́n má ṣe é bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máà gbọ́.

Ti ìfẹ́ ńkọ́? Ibi tí mo ti dá Gẹ̀ẹ́sì láre pátápátá nìyí. Ní ìparí ọ̀wọ́ kejì, Tim, òṣìṣẹ́ tó nífẹ̀ẹ́ Dawn, yọ gbohùngbohùn kúrò láyà rẹ̀, ó bá Dawn wọ yàrá kan. Gíláàsì nìkan la fi ń wò wọ́n, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ó padà sí àyè rẹ̀, ó gbé gbohùngbohùn náà sípò, ó sọ fún wa pé Dawn kọ̀. Ó tán. Inú apá Kérésìmesì la ti tó rí ojútùú rẹ̀: Dawn ṣí ẹ̀bùn Tim nínú takisí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ni, pẹ̀lú ìwé pélébé pé kó má ṣe juwọ́ sílẹ̀. Jim àti Pam ní Scranton lo àkókò púpọ̀. Jim sọ ìfẹ́ rẹ̀ síta nínú "Casino Night" ní 2006, wọn ò ṣègbéyàwó títí di 2009, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá di tọkọtaya tí nǹkan ò ṣẹlẹ̀ sí mọ́. Ọ̀wọ́ kẹsàn-án wá ìjà fún wọn, ó tiẹ̀ mú ọkùnrin tó ń di gbohùngbohùn mú wọ inú ìtàn. Kò bá a mu rárá.

Gareth ní Slough àti Dwight ní Scranton, àwọn tó ń pe ara wọn ní igbákejì ọ̀gá, ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ lè bá Gareth pàdé ní ọ́fíìsì èyíkéyìí ní England. Dwight tó ń gbin bíìtì, tó ní Mose ní ìbátan, inú eré nìkan ló lè gbé. Ìpín 201 nílò ẹni bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé Amẹ́ríkà ò lè dúró lórí ìtìjú. Nínú "Dinner Party", ọ̀wọ́ kẹrin, Michael dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kékeré tó kàn mọ́ ògiri, ó ní òun máa ń dúró wò ó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ó tún fi ìjókòó tóóró hàn àwọn àlejò, níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, tó jẹ́ orí rẹ̀ ló ń sùn. Kò sí èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín tó o nínú gbogbo 201. "Scott's Tots", ọ̀wọ́ kẹfà, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ti ṣèlérí owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn ọmọ iléèwé kan, kò lówó, ó pín bátìrì kọ̀ǹpútà fún wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fò ó. Ẹ má fò ó bí ẹ bá ti wo ti Slough tán, torí òun ló sún mọ́ ọn jù.

Bí mo ṣe máa ní kí ẹ tò ó nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo ti Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo 14, ẹ má ṣe wò ó pọ̀ lójúmọ́. Ìpín méjì lálẹ́ kan tó. Ẹ tan subtitle, torí wọ́n ń kùn sínú, ọ̀rọ̀ tó dára jù sì lè wá láti ẹnu ẹni tí kámẹ́rà ò wò. Lẹ́yìn náà, ìpín méjì àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà, kí ẹ fo ìyókù ọ̀wọ́ kìíní bí ó bá ń sú yín, kí ẹ bọ́ sí "The Dundies". Àwọn ẹ̀dà gígùn tí Peacock, ibi tí wọ́n ti ń wo eré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń pè ní Superfan kò wúlò fún ẹni tó ń wò ó nígbà àkọ́kọ́; ohun tí wọ́n gé kúrò, ó nídìí tí wọ́n fi gé e. Carell kúrò ní ìparí "Goodbye, Michael" ní 2011. Ọ̀wọ́ kẹjọ, tí James Spader ń ṣe ọ̀gá àgbà tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wá, kò ní ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́. Ẹ fò ó, kí ẹ sì lọ wo ìpín tó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Carell yọjú níbi ìgbéyàwó Dwight, gbólóhùn méjì péré ni wọ́n fún un.