Of Mice and Men: oṣù kan péré ló kù kí oko náà di tiwọn

Dọ́là 600 ni àwọn lébìrà oko méjì kan ń wá. Iye tí wọ́n fẹ́ ta oko éékà mẹ́wàá kan nìyẹn, tòun ti ilé kékeré, ọgbà èso àti ibi tí wọ́n ti ń sin adìyẹ. Owó ti tán lọ́wọ́ àwọn arúgbó tó ni ín, ìyá àgbà sì nílò iṣẹ́ abẹ. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó wà nínú ìwé Of Mice and Men, tí John Steinbeck ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1937, ibi owó yìí ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa. Bí mo bá rí owó nínú ìtàn, àfi kí n ṣírò rẹ̀.

Ìtàn náà kò gùn, orí mẹ́fà péré ni. California ló ti ṣẹlẹ̀, ní àfonífojì odò Salinas, nítòsí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Soledad. George Milton àti Lennie Small ń ti oko dé oko wá iṣẹ́ lébìrà. George kéré lára, ó sì gbọ́n féfé. Lennie sígbọnlẹ̀ bí igi àràbà, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò kúrò ní ti ọmọdé. Ohunkóhun tó bá ti rọ̀ ló máa ń fẹ́ fọwọ́ pa: eku, ọmọ ajá, aṣọ, irun. Kò sì mọ bí agbára òun ti tó. Nílùú Weed tí wọ́n ti sá wá, aṣọ pupa lára ọmọbìnrin kan ló wù ú tó ní kí òun fọwọ́ kàn. Ọmọbìnrin náà figbe ta, ẹ̀rù ba Lennie, ó wá di aṣọ náà mú pinpin. Inú kòtò omi oko ni òun àti George sá pamọ́ sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló parí. N kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí kẹfà o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó rà á.

Ẹ rántí ìgbà tó jẹ́. Ọjà ìdókòòwò New York ti wó lulẹ̀ ní 1929, nígbà tó sì fi máa di 1933, nǹkan bí ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni kò rí iṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọkùnrin di bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn sẹ́yìn, wọ́n ń kiri. Wọn á ṣiṣẹ́ lóko kan, wọn á gbowó, wọn á wọ ìgboro lọ ná an sórí ọtí àti obìnrin lálẹ́ ọjọ́ kan, wọn á tún padà di aláìní, ó di oko mìíràn. Steinbeck mọ̀ wọ́n. Salinas ni wọ́n bí i sí ní 1902, ó sì bá irú wọn ṣiṣẹ́ oko nígbà èwe, ní àkókò tó ń wọlé tó ń jáde ní yunifásítì Stanford láìgba oyè. (Ẹ̀bùn Nobel tí Ṣóyínká wa gbà ní 1986, òun gba tirẹ̀ ní 1962, láìsí dìgírì kankan.) Ìdí rèé tí ilé tí àwọn lébìrà ń sùn fi hàn kedere lójú ẹni: àpótí ápù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan kí oníkálukú lè kó ọṣẹ àti abẹ sí i. Agolo oògùn kòkòrò ni George bá nínú tirẹ̀. Kíá ló gbé ìbínú wọ̀, ó ní kí ni ẹni tó sùn níbẹ̀ kẹ́yìn ń fi oògùn ìdun ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní béèrè?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí owó. Dọ́là 50 ni owó oṣù lébìrà kan lóko tuntun náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé, dọ́là 10 péré ló wà láàárín wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oko tiwọn yẹn kò ju ààlọ́ alẹ́ lọ. Lennie á bẹ̀bẹ̀ pé kí George sọ ọ́. George á ṣe bí ẹni tó ti sú, á sì sọ ọ́ náà. Lennie á máa gbè é, torí ó ti mọ ọ́n sórí, pàápàá ibi ehoro tí wọ́n ṣèlérí pé òun ni yóò máa tọ́jú. George fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó kàn ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún ni.

Àfi ìgbà tí Candy dá sí i lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Candy ni bàbá arúgbó tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ oko ti gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dànù, wọ́n sì fún un ní dọ́là 250 owó gbà-máà-bínú. Ó ní 50 mìíràn ní báńkì, 50 tún ń bọ̀ lópin oṣù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 350. Bí George àti Lennie bá ṣiṣẹ́ oṣù kan tí wọn kò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀, 100 tún nìyẹn. Mo fi bírò kọ ọ́ sí etí ìwé: 450. George náà ṣírò rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ó dá òun lójú pé wọ́n lè fi 450 gba oko náà. Kí Candy àti Lennie lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kí wọ́n máa ta ẹyin, òun á wáṣẹ́ síbì kan kí òun fi san èyí tó kù. Làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dákẹ́, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ń wo ara wọn.

Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ti rí i lójú ẹni tí wọ́n ń ka owó àjọ lé lọ́wọ́, tí kò rò ó rí pé ó lè kan òun. Ohun tó mú kí ìwé yìí dun èèyàn ju bí wọ́n ti máa ń sọ lọ nìyí. Bí àlá wọn bá jẹ́ àlá asán, èèyàn á kàn káàánú wọn, á sì gbàgbé. Kì í ṣe asán. Ìṣirò rẹ̀ pé. Oṣù kan péré ló kù, láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ó pé yẹn títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú sì ni gbogbo ọjọ́ ayé àlá náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Candy ní alẹ́ yẹn kan náà kó tó mú owó wá. Ó ní ajá kan tó ti gbó ju, tí kò ríran mọ́, tó ń rọ́ kiri ilé, tó sì ń rùn. Lébìrà kan tó ń jẹ́ Carlson ní òun kò lè fara da òórùn rẹ̀ mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun yìnbọn fún un. Candy ń wo ojú gbogbo wọn bóyá ẹnì kan á bá òun bẹ̀ ẹ́. Kò sí. Carlson fa ajá náà jáde lọ sínú òkùnkùn. Ó tó ojú ewé bíi mélòó kan tí Steinbeck fi jókòó tì wá nínú yàrá yẹn pẹ̀lú wọn, tí a jọ ń retí ìró ìbọn. Ẹnì kan kó káàdì jáde, kò sẹ́ni tó ta á dáadáa. Ẹnì kan dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kú. Eku ń họ nǹkan lábẹ́ pákó ilẹ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibẹ̀ torí kí wọ́n má baà wo Candy, tó dùbúlẹ̀ gbọnrangandan tó tẹjú mọ́ òkè ilé. Nígbà tí ìbọn dún, ó rọra yíjú sí ògiri. N kò tíì rí ibi tí òǹkọ̀wé ti fi ìdákẹ́ ṣe ohun tó tó báyìí. Lẹ́yìn náà ni Candy sọ fún George pé òun fúnra òun ló yẹ kó pa ajá òun, kò yẹ kí òun jẹ́ kí àjèjì bá òun pa á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á lọ.

Alẹ́ yẹn náà ló gbé gbogbo owó ayé rẹ̀ kalẹ̀ fún ọkùnrin méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lówùúrọ̀. Ó tiẹ̀ ní òun á kọ ìwé ogún, pé bí òun bá kú kí ìpín òun di tiwọn, torí òun kò ní ẹbí kankan. Akápò ni mí, mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń ra ilẹ̀ àti ẹni tó ń fowó wá ẹni tí yóò máa bá gbélé.

Ọ̀rẹ́ George àti Lennie ńkọ́? Steinbeck kò fi oyin sí i. George máa ń bú u, á ní ayé ìbá dẹ òun lọ́rùn bí kò bá sí Lennie. Ó jẹ́wọ́ fún Slim, ọ̀gá awakọ̀ ìbaaka tí gbogbo oko ń bọ̀wọ̀ fún, pé lọ́jọ́ kan létí odò Sacramento, òun ní kí Lennie bẹ́ sómi, láti fi pa àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́rìn-ín. Lennie bẹ́ sí i. Kò mọ ìwẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa fà á jáde ó kù díẹ̀ kó kú, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ George pé ó yọ òun. Ó ti gbàgbé pé George ló ní kí òun bẹ́. Láti ọjọ́ yẹn George kò dán irú rẹ̀ wò mọ́. Ìtàn kúkúrú yẹn ló jẹ́ kí n gba ọ̀rẹ́ wọn gbọ́, ju gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn létí iná lọ.

Orí kẹrin ló dára jù lọ lójú mi. Crooks nìkan ni adúláwọ̀ lóko náà. Ẹṣin ta á nípàá, ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́. Yàrá tí wọ́n ń kó ìjánu ẹṣin sí ló ń dá gbé torí wọn kì í jẹ́ kó bá àwọn tó kù ta káàdì. Ó ní ìwé tirẹ̀, títí kan ìwé òfin California ti 1905 tó ti ya, èyí tó fi hàn mí pé ọkùnrin yìí fẹ́ mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbi tí kò ti sẹ́ni tó fẹ́ fún un. Lennie rí iná yàrá náà, ló bá yà síbẹ̀. Crooks kọ́kọ́ lé e, lẹ́yìn náà ó gbà á láàyè, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ gún un lára: bí George kò bá padà wá mọ́ ńkọ́? Ó ń ṣe é níkà, kí ẹlòmíràn tọ́ ohun tí òun ń jẹ lójoojúmọ́ wò. Lennie dìde sí i, ojú ẹ̀ pọ́n, Crooks yára panu mọ́. Nígbà tí Candy dé tó sọ nípa owó, Crooks tó ti fi wọ́n ṣẹ̀sín náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé òun á bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣáà fún òun lóúnjẹ. Kò pẹ́ tí ìyàwó Curley (ọmọ ọ̀gá oko ni Curley) fi wọlé, tó sì rán an létí pé ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu òun ti tó kí wọ́n so ó kọ́ sórí igi. Crooks ní kí Candy gbàgbé ohun tí òun sọ.

Ibi tí n kò ti gba ti Steinbeck ni ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Kò fún un lórúkọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òun náà dá wà, ó ti lálàá pé òun á di òṣèré fíìmù, ó sì gbà pé ìyá òun ló jí lẹ́tà tó yẹ kó mú òun lọ sí Hollywood. Orí karùn-ún la tó gbọ́ èyí, lẹ́yìn tí gbogbo ọkùnrin inú ìwé ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa fún wa tán. Ó ti pẹ́ jù. Ọwọ́ òǹkọ̀wé sì hàn jù níbòmíràn: eku kú, ọmọ ajá kú, ẹni tó bá lójú inú á ti mọ ibi tó ń lọ. Ó kọ ọ́ kí wọ́n lè gbé e sórí ìtàgé ni, torí ẹ̀ ni orí kọ̀ọ̀kan fi ń jókòó síbì kan ṣoṣo. Wọ́n sì ṣe é ní New York nínú oṣù kọkànlá 1937 kan náà. (Ajá rẹ̀ Toby ti kọ́kọ́ fa nǹkan bí ìdajì ìwé náà ya nígbà tó ń kọ ọ́. Ó kàn tún un kọ ni.)

Èdè rẹ̀ á kọ́kọ́ le fún ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé nìkan. Àwọn lébìrà náà ń gé ọ̀rọ̀ jẹ. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n gbọ́ ọ létí: Gary Sinise, tó darí fíìmù rẹ̀ ti 1992 tó sì ṣe George nínú rẹ̀, ka ìwé náà sórí ẹ̀rọ fún àwọn tó fẹ́ gbọ́. Èébú tí wọ́n ń bú adúláwọ̀ pọ̀ níbẹ̀, Steinbeck kò sì bò ó. Ìyẹn wà lára ìdí tí wọ́n fi máa ń gbìyànjú láti mú un kúrò nílé ìwé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ṣe ìdánwò GCSE ní Ìlú Ọba ṣáájú 2015 ló kà á ní kíláàsì. N kò ní fi lé ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìnlá lọ́wọ́ láìjókòó tì í.

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú o. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ oníwèé kan lábẹ́ bíríìjì, wọ́n tẹ apá kan orí karùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, orí kẹfà sì dá sójú ọ̀nà; ó ní òun kì í gba ọjà padà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé, ẹ wò ó bóyá George àti Slim ló jọ ń rìn lọ níbi tó parí sí, tí Carlson sì ń béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà fún un.