Peace lily lábẹ́ igi máńgòrò: bó ṣe ṣe dáadáa sí fún mi ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yìn ilé wa ní Abẹ́òkúta kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn. Igi máńgòrò kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé ló bo ìdajì àgbàlá, ògiri aládùúgbò ló sì ń dí oòrùn mọ́ ìdajì kejì títí di ìyálẹ̀ta. Onílé ti gbin ixora àti bougainvillea síbẹ̀ kí a tó kó dé. Wọn ò kú, ṣùgbọ́n wọn ò yọ òdòdó, torí oòrùn ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ohun tí mo ń wá ni òdòdó tó lè gbé abẹ́ ibòòji, tí ewé rẹ̀ ò ní wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí mi ò sì ní máa tún gbìn lọ́dọọdún. Peace lily, ewéko kan tó ń yọ òdòdó funfun, ni mo rà. Ó ti rí òjò, ó ti rí ọyẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àwọn ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó náwó lé e.

Èkíní, ọ̀rọ̀ òdòdó orí rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì ni mo ti rà á, òdòdó funfun sì kún orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn yẹn gbó tán, ó pẹ́ gan-an kí òmíràn tó yọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Àwọn oko ńlá tó ń gbìn ín fún títà máa ń fọ́n oògùn kan tí wọ́n ń pè ní gibberellic acid sí i kó lè tètè yọ òdòdó. Èyí tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún yóò kọ́kọ́ dúró kí gbòǹgbò rẹ̀ múlẹ̀ nílé yín, kó tó wá fúnra rẹ̀ yọ òdòdó. Nítorí náà, ewé ni kí ẹ wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ti ní ọmọ nídìí. Ìdí tó ki, tó ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, sàn ju òdòdó márùn-ún lórí ìdí kan tó tín-ínrín.

Ìbátan kókò ni, bí ẹ bá sì wo igi ewé rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i. Abẹ́ igi ńlá nínú igbó ilẹ̀ Colombia àti Venezuela ni èyí tí a mọ̀ jù nínú àwọn oríṣi peace lily ti wá; Gustav Wallis, ará Jámánì kan tó ń wá ewéko kiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù láyé àtijọ́, ni àwọn onímọ̀ ewéko fi sọ ọ́ ní Spathiphyllum wallisii. Ìdí nìyẹn tí ibòòji kò fi jẹ́ ìyà fún un. Ohun funfun tí gbogbo wa ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni ní tòótọ́. Ara ọ̀pá kékeré tó dúró láàárín rẹ̀ ni òdòdó gan-an wà, wẹ́wẹ́. Funfun yìí máa ń pẹ́ lórí rẹ̀, ó sì máa ń di àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀ bó bá ti ń gbó.

Ilẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹni tó bá ti gbẹ́lẹ̀ rí ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé ọkọ́ kì í lọ jìnnà kó tó kan òkúta. Lẹ́yìn ilé tiwa, gbòǹgbò máńgòrò tún ti fa ìwọ̀nba omi tó wà níbẹ̀ tán. Mi ò gbìn ín sílẹ̀ rárá. Àwọn bàsíà rọ́bà tó ti sán ni mo lò. Mo lu ihò sí ìdí wọn, mo po ilẹ̀dú mọ́ yanrìn àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, mo kó o sínú wọn, mo sì tò wọ́n sórí àpáta níbi tí ọkọ́ ò lè wọ̀. Ẹ má fi ihò yẹn ṣeré o. Bí omi bá dúró sí i nídìí, gbòǹgbò rẹ̀ á rà, ewé á pọ́n, kò sì sí ohun tí ẹ tún lè ṣe sí i. Ìgbẹ́ adìẹ kò wọ́n wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni kí ẹ lò, torí bó bá ti pọ̀ jù, ewé nìkan ni yóò máa yọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé ó máa ń sọ fúnni tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Gbogbo ewé rẹ̀ á dojú délẹ̀ pátápátá, àlejò á sì rò pé ó ti kú. Ẹ bomi sí i, láàárín wákàtí mélòó kan á ti nàró padà. Àmọ́ o, ẹ kọ́kọ́ ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ ná. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ewé sì wó, omi ti pọ̀ jù nìyẹn. Nígbà ọyẹ́, etí ewé rẹ̀ máa ń gbẹ, pàápàá láti December wọ February. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi ń gé ibi tó gbẹ. Ewé yòókù kò wọ́ rí, àkókò tí gbogbo àgbàlá gbẹ táútáú sì ni mo ń mọ rírì rẹ̀ jù.

Ibòòji kì í ṣe òkùnkùn. Àwọn bàsíà tó wà nídìí ògiri gan-an ní ewé tó gbòòrò, tó dúdú minimini, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ òdòdó. Àwọn tó wà létí máńgòrò, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń yọ́ gba àárín ewé wọlé, ni òdòdó kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n lórí wọn. Nígbà tí aládùúgbò gé ẹ̀ka igi tirẹ̀, oòrùn ọ̀sán ráyè kan ọ̀kan lára wọn, ewé rẹ̀ sì jóná títí mo fi gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá fi sẹ́nu. Ohun tó ń jẹ́ kí kókò tútù máa yún ni lọ́fun wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ẹnu àti ahọ́n sì lè wú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan máa ń polówó rẹ̀ pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Ilé wa tí fèrèsé rẹ̀ ń ṣí láti àárọ̀ kò jọ àpótí yẹn rárá. Ẹ rà á nítorí ẹwà rẹ̀.

Bí àgbàlá yín bá gba oòrùn dáadáa, ixora ni kí ẹ rà, á yọ òdòdó ju èyí lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ìdí ògiri tí koríko pàápàá kò fẹ́ hù sí, peace lily ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Ẹ rà á nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ ti rinlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ìdí kan péré tó láti bẹ̀rẹ̀, torí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ ó ti lè ya ọmọ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ gbìn.