Ẹ ṣọ́ra o! Kẹ̀kẹ́ «531» tí wọ́n tà fún mi n'Íbàdàn, páìpù lásán ni

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rò ó bóyá kí n sọ ọ́ jáde tàbí kí n gbé e mì. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ti wá ju ìtìjú lọ.

₦185,000. Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni. Mo fi tránsífà san án lójú ẹsẹ̀, mi ò tiẹ̀ gba rìsíìtì.

Ìsọ̀ ọkùnrin náà wà lápá Ìwó Road. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Táyà mọ́tò ló ń tà níwájú, àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ wà lẹ́yìn níbi tó ṣókùnkùn. Ó gbé kẹ̀kẹ́ eléré-ìje kan jáde, Raleigh, àwọ̀ búlúù, ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, ó ń dán yanran. Lára irin tó ti abẹ́ ìjókòó wá sílẹ̀, sítíkà 531 ti Reynolds, iléeṣẹ́ òyìnbó tó ń ṣe páìpù kẹ̀kẹ́, wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́: irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí manganese àti molybdenum wà nínú rẹ̀, tó lágbára, tó sì fúyẹ́. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì.

Ó ní, «Dádì, kẹ̀kẹ́ 1932 nìyí o. Ẹrù òyìnbó kan tó kú ní London ni wọ́n kó wá. Ẹnì kan ti ní òun ń bọ̀ wá gbé e lálẹ́ òní, àmọ́ ẹ jọ bàbá mi, ẹ máa gbé e lọ.»

1932! Ọdún 1935 ni Reynolds ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé 531 jáde. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé! Àmọ́ bí mo ṣe rí àmì ẹyẹ Raleigh níwájú rẹ̀, bàbá mi ni mo rí. Raleigh dúdú ni wọ́n fi ń lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, wọ́n á gbé mi sórí irin níwájú, irùngbọ̀n wọn á máa gún mi lórí. Ọ̀rọ̀ 1932 yẹn gba etí kan wọlé, ó gba ìkejì jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí lọ́dẹ̀ o. Olùkọ́ físíìsì ni mí. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 bí wọ́n ṣe ń fi vernier caliper wọn nǹkan. Mẹ́fà rẹ̀ ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù níléèwé, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà sì wà lápò mi lọ́jọ́ yẹn. Lápò mi! Mo ń fọwọ́ kàn án bí mo ṣe ń tẹ owó lórí fóònù.

Mo délé, ìyàwó mi wò mí lókè wò mí nílẹ̀. «Bàbá Táyọ̀, ẹ tún ti ra irin wálé?» Mo ní kò lè yé e.

Mo fẹ́ bó ọ̀dà náà kí n tún un kùn bó ṣe wà nígbà tó jáde ní iléeṣẹ́ Raleigh ní Nottingham, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáńpépà họ ọ́. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí irin ẹsẹ̀ ti ń yí, ìyẹ̀fun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí etí ọmọ tuntun. Mo rò pé ọ̀dà àkọ́kùn ni. Mo tún họ. Ó ń dà síwájú sí i. Mo mú ìṣó, mo fi tọ́ ọ, ìṣó wọlé. Ìṣó wọnú irin! Body filler ni, èyí tí àwọn pánẹ́ẹ̀bítà fi ń dí ara mọ́tò tó bá tẹ̀. Mo gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, mo rí sísán kan lábẹ́ rẹ̀ tó gùn tó ìka ìfábẹ̀lá mi. Ká ní mo gun ohun yẹn sọ̀kalẹ̀ láti Mókólá pẹ̀lú eré, ẹ̀yin lẹ̀ bá máa bá àwọn ará ilé mi kẹ́dùn.

Mo bó ọ̀dà iwájú. Raleigh 531 àtijọ́, irin ìsopọ̀ ló máa ń wà níbi tí páìpù méjì ti pàdé, etí rẹ̀ á rí ṣónṣó bí ewé, idẹ ni wọ́n fi ń jó wọn pọ̀ nínú. Ní ti tèmi, wẹ́dà ló jó o pọ̀, ojú rẹ̀ ṣe gbágungbàgun bí ìgbẹ́ ekòló, wọ́n wá fi filler àti ọ̀dà bò ó.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù ládùúgbò wa, pé kó bá mi gbé e sórí ìwọ̀n. Kẹ̀kẹ́ 531 eléré-ìje kì í sábà ju kílò mọ́kànlá lọ. Eléyìí wọn kílò méjìdínlógún. Ọmọ náà ṣírò ó lórí fóònù rẹ̀, ó ní, «Bàbá, màá fún yín ní ₦9,000.» Kò mọ̀ pé òun ń bú mi.

Mo padà lọ bá oníṣòwò náà. Kò tiẹ̀ dìde. «Ọjà tẹ́ ẹ ti fi sáńpépà họ, Dádì, ta ló máa gbà á padà? Ṣebí ojú yín lẹ fi yàn án.» Òtítọ́ ni, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí wọ egungun. Láti ọjọ́ yẹn, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Gbájú-ẹ̀! Gbájú-ẹ̀ pọ́nbélé!

Mo sì mú atúnkẹ̀kẹ́ṣe dání lọ́jọ́ tí mo lọ rà á o. Ó fi ọwọ́ gbá táyà, ó ní «ó dáa, sà». Mo ti ń rò ó pé bóyá ó jẹ níbẹ̀. Bóyá kò sì jẹ. Ta ni mo tún fẹ́ gbà gbọ́? Gbogbo wọn, láti Géètì dé Ògùnpa, ẹnu wọn dùn jù.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, torí orí ń fọ́ mi. Ẹ yọ òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi rìn lára gbogbo irin náà. Ibi tó bá ti jábọ́, filler ló wà níbẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ìjókòó jáde, ẹ fi vernier caliper wọn bó ṣe nípọn tó: 531 tí ara páìpù rẹ̀ fẹ́lẹ́ láàárín sábà máa ń gba 27.2 mm. Tèmi jẹ́ 25.4. Bí họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn irin àárín táyà, bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ Sturmey-Archer, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ọdún tí wọ́n ṣe é sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ wo ibi ìsopọ̀. Sítíkà kì í ṣe ẹ̀rí, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kẹ́ ẹ má họ ọ̀dà wò, ẹ máa lọ sílé yín.

Lánàá, Táyọ̀ mú fóònù rẹ̀ wá bá mi. Oníṣòwò náà ti gbé òmíràn sórí status rẹ̀. Pupa ni, sítíkà 531 kan náà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ wọ́. «1932, òyìnbó kan ló ni ín.» ₦220,000.