Èèpo awọ́pa tí mo rà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Bí ẹ bá ń wá awọ́pa, igi tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ se àgbo ibà, ní Àkúrẹ́, odidi èèpo gbígbẹ ni kí ẹ rà, ẹ fi àgbo inú ìgò sílẹ̀.

Ọwọ́ lẹ́kúlẹ́ja kan ní Ọjà Ọba ni mo ti ra tèmi. Kí n tó sanwó, màmá náà fi ọ̀bẹ ha inú rẹ̀: "Ọmọ mi, wò ó. Èyí tí kò bá pọ́n nínú, kì í ṣe awọ́pa." Lóòótọ́, ó pọ́n rúsúrúsú bí atalẹ̀ pupa.

Àwọ̀ yẹn gan-an ni oògùn rẹ̀. Àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní palmatine, jatrorrhizine àti columbamine ni àwọn onímọ̀ rí nínú èèpo igi yìí, tí wọ́n ń pè ní Annickia chlorantha. Mọ̀lẹ́bí berberine, èròjà rúsúrúsú kan tó ń wá láti ara ewéko, ni wọ́n. Wọ́n pọ́n, wọ́n sì korò, ojú àti ahọ́n á sì tètè dá wọn mọ̀. Àgbo inú ìgò ńkọ́? Wọ́n ti po egbò oríṣiríṣi mọ́ ọn, ó ti dúdú, ta ló máa mọ ohun tó wà níbẹ̀?

Omi lásán ni mo fi sè é. Ó korò gan-an, ìkorò náà sì pẹ́ lọ́fun. Ẹ má jẹ́ kó ta sí aṣọ funfun.

Ibà ló jẹ́ kí n wá a. Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo ti lo oògùn ilé ìwòsàn tán kí n tó mu ún. Oúnjẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí, ara mi fúyẹ́, àmọ́ n kò ní fi gbogbo ọpẹ́ fún awọ́pa. Lára eku ni wọ́n ti rí i pé ó ń bá kòkòrò ibà jà, eku kì í sì í ṣe èèyàn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwọn tó ń fún ìkókó tí ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú (ibà pọ́njú) mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é! Bilirubin, èròjà tó ń jáde bí ẹ̀jẹ̀ bá gbó, ló ń mú ojú ọmọ pọ́n. Irú èròjà bíi berberine lè tú u sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì wọ ọpọlọ ọmọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Màmá ní ìhà Ìdànrè ni èèpo náà ti ń wá, pé àwọn kan máa ń bó igi yíká. Igi tí wọ́n bá bó yíká yóò kú, torí inú èèpo ni oúnjẹ ewé ń gbà dé gbòǹgbò. Mo ní kó bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa bó ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, màá fi owó lé e.